Lẹ́tà Ṣíṣí sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: Ìrànwọ́ Tí Kò Tíì Dé Oko

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Ilé Ìjọba, Òṣogbo.

Ẹ̀dà sí Kọmíṣọ́nà fún Ọ̀rọ̀ Àgbẹ̀, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ọ̀ṣun, àti àwọn aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn àti Odò-Ọ̀tìn.

Ọlọ́lá Jùlọ,

Àwọn àgbẹ̀ Ìkìrun ń kí yín, ti Ìníṣà ń kí yín, ti Òkukù náà ní kí ẹ kú ẹrù ìpínlẹ̀ tó wà lórí yín. Wọ́n kí Akinrun, Olúníṣà àti Olókukù, àwọn ọba ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ dé iwájú gómìnà kì í fo ààfin kọjá.

Lẹ́yìn ìkíni, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò sì ṣeé gbé mì mọ́.

Ní ọjọ́ 13, oṣù Keje, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, ìkéde ń gorí ìkéde. Ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Báǹkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà, pé kí àgbẹ̀ lè ra irúgbìn àti ajílẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ mínísítà tuntun sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn ní oṣù Keje, ọdún 2024. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n tún kéde pé àwọn oníṣòwò lè kó àgbàdo, ìrẹsì, wíìtì àti ẹ̀wà wọlé láti òkè òkun fún 150 ọjọ́ láìsan owó ibodè. Nígbà tó fi máa di ọdún 2025, owó oúnjẹ ti ń wálẹ̀ lọ́jà. Ará ìlú dúpẹ́, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ti ra ajílẹ̀ ní owó gọbọi, tó ti sanwó lébìrà lójoojúmọ́, wá rí i pé owó tí òun pa lórí irè kò ká owó tí òun ná sí oko.

Ọdún 2025 yẹn náà ni ilẹ̀kùn tó sún mọ́ àgbẹ̀ jù lọ tún tì. Ìjà lórí ẹni tó jẹ́ alága tòótọ́ ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejì, àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sílé, owó tó yẹ kó máa wá láti Àbújá sì há sáàárín ẹjọ́. Àgbẹ̀ tó bá gbé ewé ẹ̀gẹ́ tó ń ràn dání lọ sí sẹkitéríàtì Òkukù, tó jẹ́ olú-ìlú Odò-Ọ̀tìn, kó lè bi àwọn ará àgírìkì ohun tó ń ṣe é, ta ni yóò dá a lóhùn lásìkò yẹn? Àwọn olóṣèlú mọ ẹni tí wọ́n ń bá jà. Àgbẹ̀ kò bá ẹnì kankan jà.

Ohun tí lẹ́tà yìí fẹ́ kí ẹ gbọ́ kò ju ọ̀kan lọ: ìrànwọ́ pọ̀ lẹ́nu ìjọba, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n là fún un kì í gba oko kọjá, ilẹ̀ àti odò tí wọ́n sì ní kí àgbẹ̀ máa tọ́jú fún gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó ń bá a dá kọ́bọ̀ sí i.

Ẹ kò ṣàì mọ ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá kúrò ní Òṣogbo, tó gba Ìkìrun, tó kọjá ní Ìníṣà, tó dé Òkukù, tó wá dorí kọ Ọ̀fà, oko ló ń rí lọ́tùn-ún lósì: ẹ̀gẹ́, àgbàdo, iṣu, ọ̀pẹ, obì, ọsàn. Nígbà tí àwọn òyìnbó la ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, tí wọ́n sì fà á lọ sí ìhà Ìlọrin, àárín àwọn ìlú yìí ló gbà. Ibí yìí ni igbó ti ń bá ọ̀dàn pààlà. Ilẹ̀ tó wà lójú ààlà bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ṣá: bí wọ́n bá gé igi rẹ̀ tán, tí iná ń jó o lọ́dọọdún, koríko á gba ibẹ̀, igbó kò sì ní tètè padà wá.

Àgbẹ̀ tó bá ti lé ní 70 ọdún ní agbègbè yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ orúkọ ètò ìjọba. Báǹkì àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1973. Ọdún 1976 ni ìjọba Ọbásanjọ́ ní kí gbogbo ènìyàn di ọkọ́ mú kí orílẹ̀-èdè lè bọ́ ara rẹ̀. Ṣàgàrí gbé tirẹ̀ dé ní 1980, Babangida dá DFRRI, àjọ fún oúnjẹ, ọ̀nà àti ìdàgbàsókè ìgbèríko, sílẹ̀ ní 1986, ètò Fadama wá lẹ́yìn náà. Ní 2012, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ tí wọ́n rán sórí fóònù pín ìrànwọ́ ajílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2015, Ààrẹ Buhari ṣí ètò owó yíyá tí wọ́n pè ní Anchor Borrowers ní Birnin Kebbi. Owó tí Báǹkì Àpapọ̀ yá jáde lábẹ́ rẹ̀ lé ní tírílíọ̀nù kan náírà. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò padà wálé, báǹkì náà sì ti sọ pé òun kò ní fi ọwọ́ ara òun pín irú owó bẹ́ẹ̀ mọ́. Báyìí, bí àgbẹ̀ Ìníṣà tí kò rí ojú owó ọ̀hún rí bá wọ báǹkì, ohun tí yóò gbọ́ ni pé àgbẹ̀ kì í san gbèsè.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹ̀dùn ọkàn yìí tẹ̀lé ara wọn ní ẹsẹẹsẹ, kí ẹ̀bẹ̀ tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan rìn sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

1. Àkókò

Òjò àkọ́rọ̀ kì í dúró de ìwé ìṣúná. Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Ìkìrun, ẹni tó bá sì fẹ́ ta àgbàdo tútù nígbà tó lówó lórí ti gbìn ín kí oṣù Kẹrin tó parí. Bí àgbàdo bá hù tán, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló fi ń dúró de ajílẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kejì gbọ́dọ̀ bá a kó tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Ajílẹ̀ tó bá dé nígbà tí àgbàdo ti gbọmọ pọ̀n, koríko ló máa jẹ ẹ́. Ìdí tí àpò ajílẹ̀ ìjọba fi máa ń dé orí àtẹ lọ́jà nìyẹn. Kì í ṣe olè ló máa ń tà á nígbà gbogbo. Ẹni tó gbà á lẹ́yìn àsìkò kò mọ ohun mìíràn tí òun lè fi ṣe.

Ẹ̀bẹ̀ wọn ni pé kí irúgbìn àti ajílẹ̀ wà nílẹ̀ ní Ìkìrun, ní Ìníṣà àti ní Òkukù kí oṣù Kejì ọdún tó parí, kí ti òjò àrọ̀kúrò sì wà nílẹ̀ kí oṣù Keje tó jáde. Èyí tó bá máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n fi pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n má wulẹ̀ kó o wá fún ayẹyẹ àti fọ́tò.

2. Orúkọ ta ló wà nínú ìwé?

Gbogbo ètò ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù náà á bi àgbẹ̀ pé hékítà mélòó ni oko rẹ̀. Bàbá tó ti ń kọ ebè láti ìgbà èwe mọ iye ebè iṣu tó wà lóko òun láìwo ìwé, ó mọ iye ọjọ́ tí lébìrà márùn-ún fi ń kọ ọ́ tán, àmọ́ kò sẹ́ni tó wọn hékítà fún un rí. Ọmọ tó ń kọ fọ́ọ̀mù á fojú bù ú, á kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀. Wọ́n á tún bèèrè NIN, BVN àti nọ́ńbà fóònù. Bí ìlà fóònù bá wà lórúkọ ọmọ tó wà ní Èkó, Èkó ni iṣẹ́ tí wọ́n rán yóò lọ. Ètò ọdún 2012 tó gba inú fóònù lé ọ̀pọ̀ alágbàtà jáde, ó sì yẹ kí á yìn ín fún ìyẹn; ìdajì owó ajílẹ̀ ni ìjọba bá àgbẹ̀ san. Síbẹ̀, ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dé, ìrànwọ́ kò dé ibẹ̀.

Àlàfo yìí ni àwọn àgbẹ̀ orí ìwé ń gbà wọlé, àwọn tí bàtà wọn kò kan ẹrẹ̀ rí, tí orúkọ wọn sì ń ṣíwájú nínú gbogbo àkọsílẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Kí wọ́n jẹ́ kí orúkọ wá láti ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó wà ní àdúgbò, nítorí ọmọ ẹgbẹ́ mọ ẹni tó ní oko àti ẹni tí kò ní. Kí wọ́n lẹ àkọsílẹ̀ náà mọ́ ara ògiri ààfin àti ti ọjà, kí olójú fi ojú rẹ̀ rí i. Yunifásítì ìpínlẹ̀ yìí ní ọgbà ní Òkukù, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ rẹ̀ sì wà ní Èjìgbò. Ṣé kò yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibi méjèèjì wọ oko lọ lákòókò ìsinmi, kí ti Òkukù ṣe àkọsílẹ̀, kí ti Èjìgbò wọn ilẹ̀, kí wọ́n sì yẹ erùpẹ̀ wò?

3. Owó yíyá àti adójútòfò

Òfin wà nílẹ̀ láti 1977 tó ní kí ìjọba àpapọ̀ ṣe onídùúró fún àgbẹ̀ ní báǹkì. Bí àgbẹ̀ kò bá rí owó san, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbèsè náà ni owó ìdúró ọ̀hún yóò bá báǹkì gbé. Síbẹ̀ báǹkì ṣì ń bèèrè ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ẹbí ni ilẹ̀ oko ní Ìkìrun àti Òkukù. Láti ìgbà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti jáde ní 1978, mélòó nínú àwọn ẹbí ọ̀hún ló rí ìwé gbà? Èlé orí owó náà ga gan-an ní ọ̀pọ̀ báǹkì. Kò sí irè oko tó lè san ìyẹn.

Adójútòfò pẹ̀lú wà. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò àgbẹ̀ ti ìjọba, NAIC, ní ètò tí àgbẹ̀ fi máa san ìdajì péré: ìjọba àpapọ̀ san 37.5 nínú 100, ìjọba ìpínlẹ̀ san 12.5, àgbẹ̀ san ìyókù. Ẹ lọ bèèrè ní ọjà Ìkìrun, kí ẹ wo iye ẹni tó gbọ́ ọ rí. Nígbà ọyẹ́, iná kan ṣoṣo tí ọdẹ dá láti lé ọ̀yà lè jó ọgbà ọ̀pẹ tí ẹnìkan fi ọdún mẹ́wàá tọ́jú, onítọ̀hún á sì bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ ń bẹ̀ yín kí ẹ kéde ní gbangba pé Ọ̀ṣun yóò máa san 12.5 tirẹ̀ lọ́dọọdún, kí àwọn òṣìṣẹ́ OSSADEP, àjọ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ yìí tó fi Ìwó ṣe ibùjókòó, sì gbé fọ́ọ̀mù náà wá sí oko, kí wọ́n sì fi Yorùbá kọ ọ́. Wọ́n tún ń bẹ̀ yín kí ìwé tí ọba àti mọ́gàjí bá fọwọ́ sí lórí ilẹ̀ ẹbí tó ìdógò fún owó kékeré.

4. Ta ló ń sanwó ìtọ́jú ilẹ̀?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti wúwo jù.

Àwọn bàbá ńlá máa ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi. Bí wọ́n bá gbin iṣu, tí wọ́n gbin àgbàdo, tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ kádìí rẹ̀, wọ́n á ṣí lọ, igbó á padà bo ibẹ̀ títí ọ̀rá ilẹ̀ yóò fi padà. Ilẹ̀ ti há báyìí. Ilé ń lé oko lọ, ẹbí ń pọ̀, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń ro lọ́dọọdún. Ohun tó wá rọ́pò ìsinmi ni ajílẹ̀ àti kẹ́míkà.

Lórí kẹ́míkà ọ̀hún, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin de oògùn apakoríko paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, wọ́n sì fòfin de atrazine láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Wọ́n ṣe dáadáa. Májèlé ni paraquat, ẹni tó bá gbé e mì kì í sábà yè. Àmọ́ òun ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń pa koríko nítorí pé ó yá, kò sì wọ́n tó lébìrà. Ìjọba gba àdá lọ́wọ́ àgbẹ̀, kò fún un lọ́kọ́. Ohun tó tẹ̀lé e ni pé wọ́n ń ta oògùn tí kò ní orúkọ lára ní kọ̀rọ̀, àgbẹ̀ ń fi ihò imú fà á láìní ìbòjú, èyí tó bá ṣẹ́kù sì ń bá òjò lọ sínú odò Ọ̀tìn. Odò yìí kan náà ni wọ́n dá dúró ní Ẹ̀kọ-Ẹ̀ndẹ kí àwọn ìlú agbègbè lè rí omi mu. Oko ti sún dé etí odò, wọ́n ti gé igi tó ń di bèbè rẹ̀ mú fún èédú, erùpẹ̀ sì ń wọ́ lọ sínú omi. Omi tí ará Ìkìrun fẹ́ bù mu, etí oko ló ti ń bàjẹ́.

Ta ló yẹ kó sanwó àtúnṣe? Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1930 sí 1940, ìjì eruku gbé ilẹ̀ oko lọ ní àwọn ìpínlẹ̀ kan débi pé àwọn àgbẹ̀ sá kúrò nílé. Ní 1935, ìjọba wọn dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú ilẹ̀ nìkan. Òfin oko tí wọ́n ṣe ní 1985 wá bá àgbẹ̀ dá májẹ̀mú ọdún 10 sí 15: kí ó fi ilẹ̀ tó ti rẹ̀ sílẹ̀, kí ó gbin koríko tàbí igi sí i, ìjọba yóò máa san owó ilẹ̀ náà fún un lọ́dọọdún. Wọn kò ní kó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ebi kò ní jẹ́ kó lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Nàìjíríà náà ń náwó lórí ilẹ̀. Ètò Ògiri Igi Aláwọ̀ Ewé wà fún ìpínlẹ̀ 11 ní òkè Ọya, ètò ìtọ́jú ilẹ̀ ACReSAL tí Báǹkì Àgbáyé ń náwó lé lórí sì wà fún ìpínlẹ̀ 19 níbẹ̀ àti Àbújá. Ẹnì kankan ní Òkukù kò jowú wọn, aṣálẹ̀ ń lé wọn bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dàn náà ń wọ igbó Ọ̀ṣun bọ̀, kò sì sí ètò tó dúró dè é.

Ìbéèrè àwọn àgbẹ̀ lórí èyí rèé. Kí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú etí odò Ọ̀tìn nìkan. Àgbẹ̀ tó bá fa oko rẹ̀ sẹ́yìn kúrò létí odò, tó sì gbin igi síbẹ̀, kí wọ́n máa fún un ní owó díẹ̀ lọ́dọọdún títí igi náà yóò fi máa mówó wọlé. Kí ó jẹ́ igi tó lérè: agbálùmọ̀, ọ̀gànwó, igi tí ń so irú. Ẹni tó bá ń gbin ẹ̀gúsí sáàárín ẹ̀gẹ́ kó lè bo ilẹ̀ mọ́ koríko lójú, bí àwọn ìyá àgbà ti máa ń ṣe, kí ìyẹn náà rí ẹ̀dínwó irúgbìn gbà. Kí wọ́n sì yan àwọn ọ̀dọ́ kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń fín oògùn tí òfin gbà, kí wọ́n fún wọn ní ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú.

5. Màlúù

Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2021, àwọn gómìnà Gúúsù pàdé ní Àsàbà, wọ́n sì fẹnu kò pé kò gbọdọ̀ sí fífi màlúù jẹ káàkiri mọ́. Àgbẹ̀ tó jí lówùúrọ̀ tó bá ẹ̀gẹ́ oṣù mẹ́jọ ní híhú kò rí àǹfààní ìpinnu yẹn. Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe fún ogun. Darandaran tó ti pẹ́ nílùú, tó gbọ́ Yorùbá, tó ń ra àgbàdo lọ́wọ́ àgbẹ̀, wà ní agbègbè yìí, òun náà sì nílò ibi tí ẹran rẹ̀ yóò dúró sí, koríko gbígbìn àti kànga. Ní ilé-iṣẹ́ mínísítà tuntun fún ẹran ọ̀sìn, kí ẹ bá a gba ìyẹn. Kí ìgbìmọ̀ kan tí àgbẹ̀ àti darandaran jọ wà nínú rẹ̀ máa dá owó oko tí ẹran bá jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ fún ẹjọ́ tí kì í tán.

6. Ọjà

Ọ̀ṣun ló bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó gbayì ní 2012, kí ìjọba àpapọ̀ tó gbé tirẹ̀ jáde ní 2016. Ọdún tí gàrí bá pọ̀ jù lọ́jà, ìkòkò irú ètò bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó gbà á. Kí àdéhùn iye owó wà kí wọ́n tó gbìn, kí wọ́n ra ẹ̀wà, iṣu, ẹyin àti gàrí ní tààràtà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ìlú tí ilé-ìwé náà wà. Kí wọ́n sì tún ọ̀nà oko ṣe, nítorí pé àgbàdo tó bá sùn lóko ọjọ́ mẹ́ta nítorí ẹrẹ̀, owó rẹ̀ ti já.

Ọlọ́lá Jùlọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á sí ìhàlẹ̀ bí lẹ́tà yìí bá rán yín létí ìtàn. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ráhùn lórí owó orí àti owó kòkó, wọn kò rí ẹni gbọ́ ọ. Ìgbà tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà dìde, ẹ̀mí sọnù, títí kan ti Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ológun tó wà lóde dín owó orí kù, ohun tó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn. Kò sí ẹni tó ń gbàdúrà kí irú rẹ̀ tún wáyé.

Ìjà tí àgbẹ̀ òde òní ń jà kò ní ariwo. Ó ń dín oko rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀. Ọdún yìí, ó gbin èyí tí ilé rẹ̀ yóò jẹ. Ọdún tó ń bọ̀, ó ta ilẹ̀ etí títì fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé, ó fi owó rẹ̀ ra ọ̀kadà fún ọmọ. Ní Maputo ní 2003, àwọn ìjọba Áfíríkà ṣèlérí pé ìdámẹ́wàá ìṣúná yóò máa lọ sí iṣẹ́ àgbẹ̀. Nàìjíríà kò tíì sún mọ́ ọn. Bí àwọn tó ń gbin oúnjẹ bá dákẹ́ ní Ìkìrun, Òṣogbo ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ìdákẹ́ náà lórí àtẹ gàrí.

Wọ́n ń retí èsì yín kí òjò àkọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tí ajílẹ̀ yóò dé, ibi tí wọ́n máa lẹ orúkọ mọ́, àti iye tí Ọ̀ṣun ti san fún adójútòfò. Bí èsì kò bá wá, ẹ̀dà lẹ́tà yìí yóò dé ọwọ́ ọmọ ilé aṣòfin kọ̀ọ̀kan tó ń ṣojú Ìfẹ́lódùn àti Odò-Ọ̀tìn, kí wọ́n lè bèèrè ohun mẹ́ta náà ní gbangba nígbà tí ìṣúná bá tún dé iwájú wọn.



Ní orúkọ àwọn àgbẹ̀ Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù.